Ibi Tí Ẹnikẹ́ni Kò Yàn

Bí aago bá ti lu mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ní ilẹ̀ Jámánì, ọjà ìpín-ìdókòwò New York ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣílẹ̀kùn ni. Àwọn olówó ń wo iye tí òǹkà Dow Jones fi bẹ̀rẹ̀ ọjọ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá èrè ló ń bọ̀ àbí àdánù. Àwọn kan tún wà tí wọ́n ń dúró de òǹkà kan náà, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní kọ́bọ̀ nínú ọjà ọ̀hún. Oko tí wọn yóò gun kẹ̀kẹ́ ológeere lọ láàárọ̀ Sátidé ni wọ́n fẹ́ mọ̀.

Geohashing ni wọ́n ń pe eré náà. Lójoojúmọ́ ni ìṣirò kan máa ń mú ojúkò kan ṣoṣo nínú àpótí kọ̀ọ̀kan tí a pín ilẹ̀ ayé sí. Ó lè bọ́ sí àárín igbó, ó lè bọ́ sí bèbè odò, ó sì lè bọ́ sórí òrùlé ilé onílé. Kò sí ẹ̀bùn níbẹ̀, kò sí ère, kò sí ẹni tó ń dúró deni. Ẹni tó ń ṣeré náà yóò wá ọ̀nà débẹ̀, yóò ya fọ́tò ara rẹ̀ àti ti ojú fóònù tó ń fi nọ́ḿbà ibẹ̀ hàn, yóò sì kọrí sílé. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ lè béèrè pé kí ni wọ́n wá jẹ nínú ìyẹn. Ìbéèrè gidi ni, ojú ọ̀nà sì ni ìdáhùn rẹ̀ wà.

Randall Munroe, ará Amẹ́ríkà, ló dá a sílẹ̀. Ó ti fìgbà kan ṣiṣẹ́ lórí róbọ́ọ̀tì ní ibùdó Langley ti àjọ NASA ní Virginia, kó tó di pé yíya àwòrán ẹlẹ́rìn-ín di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Àwọn àwòrán náà, tó ń jẹ́ xkcd, kún fún ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ lásán ló sì fi ń ya àwọn ènìyàn inú wọn. Ní ọdún 2007, ó ki nọ́ḿbà ibì kan àti ọjọ́ kan bọ inú ọ̀kan lára wọn. Nígbà tí ọjọ́ náà pé, 23 oṣù Kẹsàn-án, ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún òǹkàwé rẹ̀ ya bo ọgbà kékeré kan ní Cambridge, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Ọ̀pọ̀ wọn ò mọ ara wọn rí. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní 21 oṣù Karùn-ún 2008, ó gbé àwòrán tó jẹ́ nọ́ḿbà 426 jáde, ó sì fi ìlànà sínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè fi pe irú ìpàdé bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́, ní ibi tuntun, láìsí pé ẹnì kan ló yan ibẹ̀.

Ká kọ́kọ́ wo àwọn àpótí. Oríṣi ìlà méjì ni máàpù ní. Ìlà ìbú ń sọ bí ibì kan ṣe jìnnà tó sí agbedeméjì ayé, yálà sí àríwá tàbí sí gúúsù. Ìlà òró ń sọ bó ṣe jìnnà tó sí Greenwich ní London, yálà sí ìlà-oòrùn tàbí sí ìwọ̀-oòrùn. Dígírì ni wọ́n fi ń ka méjèèjì, àyè tó sì wà láàárín dígírì kan àti èkejì, lóòró àti níbùú, ni àpótí kan. Ìbàdàn, Abẹ́òkúta, Ọ̀yọ́ àti Ìsẹ́yìn jọ wà nínú ọ̀kan, èyí tó bẹ̀rẹ̀ láti dígírì 7 àríwá àti dígírì 3 ìlà-oòrùn. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 110, ìbú rẹ̀ náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìlú Mannheim ní Jámánì wà nínú àpótí 49 àti 8. Nítorí pé àwọn ìlà òró máa ń sún mọ́ ara wọn bí a bá ṣe ń lọ sókè sí àríwá, tẹ́ẹ́rẹ́ ni àpótí yẹn rí: gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 111, ìbú rẹ̀ ò sì ju nǹkan bí 72 lọ. Síbẹ̀ ilẹ̀ inú rẹ̀ ju ìlọ́po méjì Ìpínlẹ̀ Èkó lọ.

Àwọn Yorùbá London ló wà níbi tí ọ̀rọ̀ àpótí ti dùn jù. Ìlà Greenwich la ìlú náà kọjá, nítorí náà ará Peckham wà nínú àpótí kan, ará Woolwich wà nínú òmíràn. Ọ̀kan jẹ́ 51 àti òdo, èkejì jẹ́ 51 àti òdo tí wọ́n fi àmì àyọkúrò síwájú rẹ̀. Greenwich ni wọ́n ti ń kà á lọ lápá méjèèjì, nítorí náà ojúkò méjì tó bá jáde lọ́jọ́ kan máa ń jìnnà sí ìlà náà bákan náà, ọ̀kan níhà ìlà-oòrùn, ọ̀kan níhà ìwọ̀-oòrùn.

Ó wá ku bí a ṣe ń rí ojúkò inú àpótí. A ó kọ ọdún, oṣù àti ọjọ́ sílẹ̀. A ó fi iye tí Dow Jones fi ṣí tẹ̀ lé e. A ó wá kó gbogbo rẹ̀ fún ìṣirò kan tó ń jẹ́ MD5, èyí tí Ronald Rivest, ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ẹ̀kọ́ MIT, ṣe ní 1991. Iṣẹ́ MD5 ni pé kó gba ọ̀rọ̀ yòówù, kó sì sọ ọ́ di àmì 32, àdàlù nọ́ḿbà àti lẹ́tà. Bí ẹyọ àmì kan péré bá yí padà nínú ohun tí a kọ, gbogbo èsì yóò dàrú di òmíràn. Ṣùgbọ́n bí a bá kọ ohun kan náà nígbà mẹ́wàá, èsì kan náà ni yóò jáde nígbà mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ì báà jẹ́ ní Tokyo, ì báà jẹ́ ní Iléṣà. A ó gé àmì 32 náà sí méjì, a ó sì sọ ìlàjì kọ̀ọ̀kan di nọ́ḿbà ẹ̀yìn pọ́ìǹtì: ti àkọ́kọ́ fún ìlà ìbú, ti èkejì fún ìlà òró.

Àpẹẹrẹ tí Munroe fi sínú àwòrán rẹ̀ ni ti 26 oṣù Karùn-ún 2005, ọjọ́ tí Dow Jones ṣí ní 10458.68. MD5 sọ ọ́ di .857713 àti .544543. Bí a bá fi èyí sẹ́yìn 37 àti -122, àpótí San Francisco, ó bọ́ sí ilẹ̀ Marin, lódìkejì afárá Golden Gate. (Ní 2004, Xiaoyun Wang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ṣáínà fi hàn pé a lè rẹ́ MD5 jẹ, èyí ló sì fà á tí àwọn amòye fi ní kí wọ́n má fi ṣọ́ ohun àṣírí mọ́. Ẹni tó ń wá oko tí yóò gun kẹ̀kẹ́ lọ ò ní àṣírí kankan láti fi pamọ́.)

Babaláwo tó bá wo ìṣirò yìí dáadáa á rẹ́rìn-ín. Ojú mẹ́jọ ni ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé; ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256. Kọ̀ǹpútà náà, mẹ́jọ mẹ́jọ ló ń to òdo àti ení rẹ̀ pọ̀, ọ̀nà 256 náà ni ìtò kọ̀ọ̀kan sì lè gbà jáde. Mẹ́rìndínlógún irú ìtò bẹ́ẹ̀ ni èsì MD5, àfi bí ìgbà tí wọ́n da ọ̀pẹ̀lẹ̀ nígbà mẹ́rìndínlógún, mẹ́jọ fún ìbú, mẹ́jọ fún òró. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni pé ọ̀pẹ̀lẹ̀ lè fọ ohùn kan lónìí kó fọ òmíràn lọ́la, ṣùgbọ́n MD5 kì í yí ohùn padà fún ẹni tó bá bi í ní ohun kan náà. Kì í sì í gba ẹbọ.

Kí wá ni ti Dow Jones nínú ọ̀rọ̀ yìí? Bó bá jẹ́ ọjọ́ nìkan ni wọ́n ń fi ṣírò, ènìyàn lè jókòó lónìí kó mọ ojúkò ọdún mẹ́wàá òní, kó sì lọ ra ilẹ̀ síbẹ̀ de àwọn tó ń bọ̀. Iye tí ọjà yóò fi ṣí, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n ṣáájú. Bó bá sì ti jáde, gbogbo ayé ló rí i. Charles Dow tó bẹ̀rẹ̀ òǹkà náà ní 1896 ń wá ọ̀nà tí yóò fi mọ bí ara àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà ṣe le tó ni. Dájúdájú, kò ro ti oko àlùbọ́sà mọ́ ọn.

Ọgbọ́n yìí mú ìṣòro kan wá. Nígbà tí ọjà New York bá fi máa ṣí, ilẹ̀ ti ń ṣú ní Éṣíà. Láti oṣù Karùn-ún 2008 náà ni wọ́n ti fi òfin kan kún un: gbogbo ẹni tó bá wà ní ìlà-oòrùn dígírì 30 lápá ìwọ̀-oòrùn Greenwich, ìyẹn Áfíríkà, Yúróòpù àti Éṣíà pátá, iye ti ọjọ́ tó ṣáájú ni yóò lò. Nípa bẹ́ẹ̀ wọ́n á ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ kí wọ́n tó sùn. Ọjà kì í sì í ṣí ní Sátidé àti Sọ́ńdè, nítorí náà iye ọjọ́ Ẹtì ló máa ń ṣiṣẹ́ fún Sátidé, Sọ́ńdè àti Mọ́ńdè. Ọjọ́ tí a kọ ṣáájú rẹ̀ ló ń yàtọ̀, ojúkò sì ń yàtọ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí aago mẹ́ta ààbọ̀ ọjọ́ Ẹtì fi ṣe pàtàkì ní Jámánì. Ní Nàìjíríà, aago méjì ààbọ̀ ni nígbà tí ooru bá mú ní Amẹ́ríkà, ó sì ń di mẹ́ta ààbọ̀ nígbà òtútù wọn.

Kò sí òfin tó ní kí ènìyàn gun kẹ̀kẹ́. Àwọn kan ń wakọ̀, àwọn kan ń wọ ọkọ̀ èrò, àwọn kan ń fẹsẹ̀ rìn. Ṣùgbọ́n bí a bá ń wá ohun tó bá ìwọ̀n àpótí yìí mu, kẹ̀kẹ́ ni. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn kò lè lọ jìnnà kí ó sì padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó wakọ̀ yóò rí ọ̀nà ọlọ́dà, yóò rí ilé epo, ọ̀dà yóò sì tán mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi tí ìrìn àjò gan-an ti bẹ̀rẹ̀. Ẹlẹ́ṣin irin tó ń sá kìlómítà 15 sí 18 ní wákàtí kan lè la ìlàjì àpótí Mannheim já kí ọ̀sán tó pọ́n. Bó bá kan kòtò tàbí irinṣẹ́ tí àgbẹ̀ fi dí ọ̀nà, yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kọ́ èjìká, yóò sì kọjá.

Ó tún jẹ́ pé inú àpótí yìí gan-an ni wọ́n ti kọ́kọ́ gun ohun tó di kẹ̀kẹ́. Ní 12 oṣù Kẹfà ọdún 1817, Karl Drais, ẹni tí wọ́n bí ní Karlsruhe tó sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba lórí igbó, gun ẹ̀rọ onígi kan tó ní ẹsẹ̀ méjì jáde láti Mannheim, ó gba ọ̀nà Schwetzingen. Kò sí pẹ́dà lára rẹ̀. Ilẹ̀ ni Drais ń fi ẹsẹ̀ tì. Ó lọ tó nǹkan bíi kìlómítà 7, ó sì padà, gbogbo rẹ̀ kò tó wákàtí kan. Láti Mannheim yìí kan náà ni Bertha Benz ti gbé mọ́tò ọkọ rẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1888, òun àti àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ méjì, tí wọ́n rin ohun tó ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ dé Pforzheim, tí wọ́n sì ra epo lọ́wọ́ apòògùn ní Wiesloch. Pforzheim fi díẹ̀ yọ sóde àpótí 49 àti 8, ní ìsàlẹ̀. Fún eré yìí, ti Drais la ó gbè sí.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ Munroe dá ìrìn àjò kan. Bí a bá fi .857713 sẹ́yìn 49, tí a fi .544543 sẹ́yìn 8, ojúkò náà bọ́ sí etí Griesheim, ìlú kékeré kan ní ìwọ̀-oòrùn Darmstadt. Bí ẹyẹ bá fò láti Mannheim, kìlómítà 41 ni. Nílẹ̀, pẹ̀lú bí ọ̀nà oko ṣe ń wọ́, ó tó 50. Heidelberg, tí ààfin àtijọ́ rẹ̀ ń fa àlejò láti gbogbo ayé, kò ju kìlómítà 20 lọ sí Mannheim ní apá kejì. Ẹ̀yìn ni ẹlẹ́ṣin yìí máa kọ sí i.

Yóò kọ́kọ́ gba orí afárá odò Neckar, nítorí pé àárín odò Neckar àti odò Rhine ni Mannheim jókòó sí. Lẹ́yìn àwọn ilé iṣẹ́ àti igbó páìnì ìhà àríwá ìlú, yóò dé Lampertheim, ilẹ̀ yóò sì tẹ́jú pẹrẹsẹ. Ried ni wọ́n ń pe ilẹ̀ yìí, ilẹ̀ tí omi Rhine ń bò láyé àtijọ́, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í na odò náà tọ́ ní 1817, lábẹ́ ètò ẹnjiníà Johann Gottfried Tulla. (Ọdún tí Drais gun igi rẹ̀ náà nìyẹn.) Ilẹ̀ iyanrìn ni, ewébẹ̀ asparagus funfun sì fẹ́ràn rẹ̀. Nígbà ìrúwé, ọ̀rá dúdú àti funfun ni wọ́n fi ń bo ebè rẹ̀ lọ bí ilẹ̀ bí ẹní, kí oòrùn má bàa kàn án. Láti ayé àwọn baba ńlá wọn, wọn kì í wú u mọ́ lẹ́yìn 24 oṣù Kẹfà, ọjọ́ Jòhánù Onítẹ̀bọmi. Ẹni tó bá kọjá lóṣù Karùn-ún yóò bá àwọn òṣìṣẹ́ ní bíbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ Yorùbá ni ẹlẹ́ṣin náà, yóò ṣòro fún un láti gùn ún kọjá láì kí wọn kú iṣẹ́.

Lọ́wọ́ ọ̀tún ni àwọn òkè Odenwald, pẹ̀lú ọgbà àjàrà lẹ́sẹ̀ wọn. Lọ́nà ibẹ̀ ni Lorsch wà, níbi tí gbọ̀ngàn ẹnu ọ̀nà ilé àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn, tí wọ́n kọ́ láti ọ̀rúndún kẹsàn-án, ṣì ń dúró pẹ̀lú òkúta pupa àti funfun lára rẹ̀. UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 1991. Kìlómítà díẹ̀ péré ló yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ṣé kí èèyàn yà? Àwọn kan máa ń yà. Èrò òǹkọ̀wé yìí ni pé ẹni tó bá ń yà síbi gbogbo tí ìwé arìnrìn-àjò yìn kò ní bọ́ nínú ohun tí ẹlòmíràn ti yàn fún un, bẹ́ẹ̀ ohun tí eré yìí fẹ́ já a gbà kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Lorsch á ṣì wà níbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Biblis ló kàn. Kò sí ìwé arìnrìn-àjò tó máa rán ènìyàn lọ wo ilé iṣẹ́ iná mànàmáná alágbára núkíláà tó wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ méjèèjì inú rẹ̀ dákẹ́ ní 2011, lẹ́yìn jàǹbá Fukushima ní Japan, láti ìgbà náà ni ètò ti ń lọ láti tú u palẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Oko ló yí i ká. Kùkúḿbà ni wọ́n fi mọ ìlú náà tẹ́lẹ̀, wọ́n ṣì ń ṣọdún rẹ̀. Ohun méjì yìí, kùkúḿbà àti núkíláà, kò ní jókòó pọ̀ lórí káàdì ìkíni èyíkéyìí, ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ yẹn ṣe rí nìyẹn, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ kọjá ló máa rí méjèèjì láàárín ìdajì wákàtí.

Lẹ́yìn Groß-Rohrheim, Gernsheim ń bẹ létí Rhine. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Peter Schöffer, tó bá Gutenberg ṣiṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Mainz ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Láti ibẹ̀, ẹlẹ́ṣin yóò kọ̀yìn sí odò, yóò gba ọ̀nà oko kọjá Crumstadt, pẹ̀lú àwọn ẹ̀rọ tó ń fọ́n omi sórí ewéko lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Bí afẹ́fẹ́ bá kọjú sí i níhìn-ín, kò sí igi tí yóò bá a dí i.

Griesheim fúnra rẹ̀ jẹ́ ìlú alálùbọ́sà láti ọjọ́ pípẹ́. Ilẹ̀ rẹ̀ tó tẹ́jú ló jẹ́ kí August Euler ṣí pápákọ̀ òfurufú síbẹ̀ ní 1908, ọ̀kan lára àwọn àkọ́kọ́ ní Jámánì. Euler ló sì gba ìwé àṣẹ awakọ̀ òfurufú nọ́ḿbà 1 ti orílẹ̀-èdè náà ní 1910. Ohun tó yẹ kí ènìyàn mọ̀ nìwọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ kò ní sí ìdí kan tí ará Mannheim yóò fi wá síbẹ̀ ní Sátidé, àfi bí nọ́ḿbà bá rán an.

Ibi tó kù bí ìdajì kìlómítà ni eré ń le. Ọ̀dà á tán, ọ̀nà á di ipa ẹsẹ̀ katakata. Fóònù ń gba ìró láti ara àwọn sátẹ́láìtì tó wà lókè ní nǹkan bí 20,200 kìlómítà, ó ń ka ìyókù ọ̀nà: ọgọ́rùn-ún mítà, ogójì, mẹ́wàá. Nọ́ḿbà karùn-ún lẹ́yìn pọ́ìǹtì tó nǹkan bíi mítà kan nílẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù fúnra rẹ̀ lè fi mítà bíi márùn-ún ṣì í, àní nígbà tí ojú ọ̀run mọ́. Nítorí náà ni ẹlẹ́ṣin fi máa ń rìn síwájú, tó máa ń fẹ̀yìn rìn, tó máa ń yí po bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́, títí nọ́ḿbà ojú fóònù yóò fi bá tinú ìwé mu. Àgbẹ̀ tó bá ń wò ó lókèèrè lè ronú pé orí rẹ̀ ò pé.

Bó bá wá jẹ́ àárín ebè ni ńkọ́? Òfin ilẹ̀ Jámánì fàyè gba ènìyàn láti rìn gbafẹ́ ní ìgbèríko, lójú ọ̀nà, ní ipa ọ̀nà àti lórí ilẹ̀ tí wọn kò dá. Oko tí nǹkan ti hù sí kò sí nínú rẹ̀. Nínú igbó, ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lè yà kúrò lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Baden-Württemberg, ipa ọ̀nà igbó tí fífẹ̀ rẹ̀ kò tó mítà méjì kò gba kẹ̀kẹ́. Ẹlẹ́ṣin yóò fi tirẹ̀ ti igi, yóò tì í pa, yóò sì fẹsẹ̀ parí ìyókù. Àwọn aṣeré náà ti fẹnu kò láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ onílẹ̀ láìgbàṣẹ. Bí ojúkò bá wọ inú ọgbà tí wọ́n ṣe géètì sí, kí ènìyàn kan ilẹ̀kùn, kó ṣàlàyé ara rẹ̀ (iṣẹ́ ńlá nìyẹn), tàbí kó yíwọ́ padà.

Wọ́n máa ń yíwọ́ padà gan-an ni. Odò á dí wọn, ọ̀nà rélùwéè á dí wọn, ibùdó àwọn ológun á dí wọn. Wọ́n ń kọ ọjọ́ tí wọn ò débẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀, ohun tó sì mú kí eré náà wuni nìyẹn, nítorí ìròyìn ìrìn àjò tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àṣeyọrí kì í ṣeé gbà gbọ́. Wọ́n tún ní àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ara wọn: ti ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lọ, ti ẹni tó wọ ọkọ̀ èrò lọ, ti ẹni tó ti dé ojúkò nínú àpótí tirẹ̀ àti nínú gbogbo mẹ́jọ tó yí i ká. Ní Sátidé, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n fi àdéhùn ìpàdé sí, bóyá ẹlòmíràn á tún wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sẹ́ni tó ń wá.

Láti Griesheim, kò pọn dandan kí ẹsẹ̀ padà ru kìlómítà 50 mìíràn. Darmstadt kò jìnnà sí ìlà-oòrùn, ibùdókọ̀ Goddelau sì wà ní ìwọ̀-oòrùn lórí ọ̀nà rélùwéè tó so Mannheim mọ́ Frankfurt. Ọkọ̀ ojú irin abẹ́lé wọn ń gba kẹ̀kẹ́. Ohun tó máa ń ká àlejò lára jù ni Sọ́ńdè: òfin ti ilé ìtajà pa, kò sì sí fọkanáísà lẹ́bàá ọ̀nà bíi tiwa. Túùbù kan, pọ́ǹpù, omi, búrẹ́dì àti páwà báǹkì, kí ènìyàn gbé wọn dání láti ilé. Kó tún ti gba máàpù sórí fóònù sílẹ̀. OpenStreetMap, tí Steve Coast bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2004, tí àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni sì ń yà á, ló dára jù fún èyí, nítorí pé ó máa ń mọ ọ̀nà oko tí àwọn máàpù ọlọ́kọ̀ kò kà sí.

Àwọn nọ́ḿbà kan náà ń ṣiṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá. Bí a bá fi .857713 àti .544543 sẹ́yìn 7 àti 3, ojúkò náà bọ́ sí gúúsù Ìsẹ́yìn, ìlú aláṣọ òkè, lápá ibi tí Adó-Àwáyè wà pẹ̀lú òkè rẹ̀ àti adágún Ìyàkẹ́ lórí òkè náà. Níhìn-ín, oko kì í ní ọgbà, ṣùgbọ́n kò sí èyí tí kò ní olóko. Ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà sí abúlé tó bá sún mọ́ ibẹ̀ jù, kó kí àwọn àgbà, kó sì sọ ohun tó ń wá fún Baálẹ̀. Kò gbọ́dọ̀ dá nìkan lọ. Bí àwọn ará abúlé bá ní ọ̀nà kan kò dára lásìkò yìí, kó má jiyàn. Wọ́n mọ ohun tí fóònù ò mọ̀.

Ará Èkó ló ní ìṣòro tó yàtọ̀. Àpótí rẹ̀, 6 àti 3, bẹ̀rẹ̀ láti inú òkun, etí òkun sì wà ní nǹkan bíi 6.4. Èyí túmọ̀ sí pé nínú ọjọ́ márùn-ún, bí méjì ni ojúkò yóò bọ́ sínú Àtìláńtíìkì, ká má tíì ka ọ̀sà mọ́ ọn. Nígbà bẹ́ẹ̀, àpótí tó wà lókè rẹ̀ ló kù tí yóò yẹ̀ wò, torí ẹ̀yìn pọ́ìǹtì kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Bí ti Èkó bá jẹ́ 6.20 àti 3.35, omi ni. Ti òkè, 7.20 àti 3.35, kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, ìlú tí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021, ń dúró sí. Ẹni tó bá ní ìbátan níbẹ̀ tó lè yá a ní kẹ̀kẹ́, kó tètè tẹ̀ ẹ́ láago lọ́jọ́ Ẹtì.